Kí Ni Ó Ń Gbé Alùpùpù Gun Òkè?

Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìpáò-Èkìtì nígbà tí iṣu ń ti oko bọ̀ wálé, ẹ lè gbọ́ alùpùpù kan kí ẹ tó rí i. Yóò máa dún bí ẹni pé ìbọn ni wọ́n ń yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá yọ, ẹ óò rí i pé ó ń rá gun òkè bí ìgbín. Ẹni tí ó ni ín ti lu inú sàlẹ́ńsà rẹ̀ jáde, nítorí wọ́n sọ fún un pé ẹ́ńjìnì yóò lè mí dáadáa. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí alùpùpù yìí ni ọkọ́ àti àdá ẹlòmíràn.

Sìlíńdà kan ṣoṣo ni ó ní. Písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀: ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó fún wọn pọ̀, iná pílọ́ọ̀gì ràn wọ́n, ó sì ti èéfín jáde. Nínú ìrìn mẹ́rin yìí, ọ̀kan péré ni ó ń mú agbára wá. Honda CG125, tí wọ́n gbé jáde ní 1976, ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ọlọ́kadà fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn tí ó ṣe é ti mọ̀ pé wọn yóò di ẹrù lé e ju bí ó ti yẹ lọ, wọn yóò sì gbàgbé ọ́ìlì rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní onísùúrù.

Ibi tí ó yẹ kí ẹni tí ń gun òkè kọ́kọ́ wò ni irin rìbìtì eléyín méjì tí ṣéènì ń bá yí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìpírókẹ́ẹ̀tì. Ká ní ti iwájú ní eyín 15. Bí ẹ bá fi eléyín 14 rọ́pò rẹ̀, agbára tí ó ń fa táyà ẹ̀yìn yóò fi bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: níbi tí ẹ ti ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, 56 ni ẹ óò máa sá bí ẹ́ńjìnì bá ń yí bákan náà. Ẹni tí ọ̀nà títẹ́jú ni tirẹ̀ kò nílò rẹ̀. Epo ni yóò fi ṣòfò.

Sàlẹ́ńsà ńkọ́? Wọ́n ti díwọ̀n epo inú kábúrétọ̀ mọ́ ọn. Bí èéfín bá ń jáde wọ̀ọ̀, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnì yóò gbóná kọjá ààlà, fáàfù lè jóná. Ariwo kì í ṣe agbára. Àwọn kan á tún fi wáyà fẹ ojú ihò epo kábúrétọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ta nǹkan yẹn, ẹ ra èyí tí ó tóbi díẹ̀ sí i. Ẹ má sì yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ o! Eruku ọ̀nà oko a máa ha inú sìlíńdà bí yanrìn.

Òmíràn ni gígé orí sìlíńdà kí ó lè fún epo pọ̀ sí i. Ní 1937, ní Brooklands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wal Handley gun BSA onísìlíńdà kan kọjá máìlì 100 ní wákàtí kan. Wọ́n fi ìràwọ̀ wúrà kékeré dá a lọ́lá, láti ara rẹ̀ ni BSA Gold Star ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ọtí líle ni ẹ́ńjìnì ọjọ́ náà ń jó, kì í ṣe pẹtiróòlù. Bí ẹ bá fún pẹtiróòlù pọ̀ jù, yóò gbiná ṣáájú àkókò, ẹ óò sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń kan kankan bí òòlù alágbẹ̀dẹ, títí písítìnì yóò fi lu.

Tí agbára gidi bá wu yín, sìlíńdà mìíràn àti písítìnì tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 62 dípò 56.5 yóò sọ 125 di 150. Owó ńlá ni, bírékì àtijọ́ kò sì ní mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ yẹ bàtà bírékì wò kí ẹ tó di àpò iṣu àkọ́kọ́ lé e. Bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi í sí jíà kékeré, kí ẹ sì jọ̀wọ́ ọwọ́ iná. Eléyín 14 tí ó gbé yín gòkè yẹn náà ni yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lè fà yín sẹ́yìn, tí bírékì kò fi ní gbóná jù.