Sàkání Ààfin Ògògà: Ìtàn Tó Wà Nílé àti Èyí Tó Ré Òkun

Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ ń lọ sí Adó-Èkìtì, ìgboro Ìkẹ́rẹ́ ni yóò gbà kọjá, àpáta Olósùnta àti Òrólé ni yóò sì kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún Olósùnta, àlejò tó sì wá wòran rẹ̀ kì í kéré. Sàkání ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ni a fẹ́ yà sí. Ọjà Ọba ló wà níbẹ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì: ọba ń gbọ́ ariwo ọjà, ọjà ń gbọ́ fèrè ọba.

Bí àgbà bá ń ka àdúgbò Ìkẹ́rẹ́, yóò dárúkọ Ùró, Òkè-Ìkẹ́rẹ́, Odò-Ọjà àti Afàò. Ẹ má ṣe bi í léèrè ta ló kọ́kọ́ dé, àfi bí ẹ bá ráyè jókòó pẹ́. Ìtàn ààfin sọ pé ọdẹ láti Ibìní ni Ògògà àkọ́kọ́. Ilé Olúkẹ́rẹ́ sọ pé àwọn ti wà lórí ilẹ̀ kí ọdẹ náà tó dé, àwọn ló sì ń bọ Olósùnta. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àdúgbò kankan ní Ìkẹ́rẹ́, kó gbọ́ tẹnu ilé méjèèjì kó tó ki bírò bọ ìwé.

Ògògà tó jọba láti 1890 sí 1928, Oníjàgbo Ọbasọrọ̀ Alówólódù, ló sọ ààfin náà di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, pé kó wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn. Èfọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé, Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló sì sìn. Ó gbẹ́ igi fún ààfin Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Iléṣà pẹ̀lú, kó tó kú ní 1938.

Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ aláwẹ́ méjì. Lápá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan, Kápútéènì Ambrose, ń bọ̀ wá kí ọba, àwọn ènìyàn gbé e nínú àga, àwọn tí wọ́n dè mọ́ra sì ń ru ẹrù. Àwọn ère náà yọ síta lára pátákó bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Lójú tèmi, kò sí fáìlì ìjọba kan tó fi bí òyìnbó ṣe wọ Èkìtì hàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó kọ fáìlì wà nínú àga. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. British Museum rí i, ó wù wọ́n, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù di òní olónìí. A kò lè pè é ní olè, nítorí ọba ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ náà kò dọ́gba: ìjókòó ni wọ́n fún wa, ìwé ìtàn ni wọ́n gbé lọ.

Òpó kan láti ààfin náà, tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914, wà ní Art Institute ti Chicago ní Amẹ́ríkà láti 1984. Ó ga díẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀: ọba jókòó pẹ̀lú ẹyẹ lórí adé, ṣùgbọ́n olorì àgbà tó dúró lẹ́yìn ìtẹ́ ga jù ú lọ fíìfíì. Olorì yìí ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ọlọ́wẹ̀ mọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Wembley, kò sí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti pa orúkọ náà mọ́. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí. Ní 1998, wọ́n ṣe odidi ìpàtẹ fún òun nìkan ní Washington.

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìláwẹ̀, Ìgbàrà-Odò, Ògòtún tàbí Ẹmùré kò ní ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ẹnu àgbà ni wọ́n ní, àgbà kì í sì í ka ọdún bíi ti kàlẹ́ńdà. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ má bi ìyá àgbà pé ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé kan. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣáájú kí òòrùn tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan (May 1947), tàbí ogun Hitler (1939 sí 1945). Ṣé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ (January 1955)? Ṣé ọkọ̀ ti kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún (2 April 1972)? Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n fi san owó bíríkìlà, àbí náírà (1 January 1973)? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ìpínlẹ̀: Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní February 1976, Èkìtì ní 1 October 1996. Ìyá tó ń hun ẹní ní Ògòtún lè má mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, síbẹ̀ yóò rántí iye tó ta ẹní lọ́jọ́ tí owó yí padà. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ agbo ilé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.