Pépà Cupcake: Ẹ Dán Mẹ́ta Wò Kí Ẹ Tó Ra Odindi Páálí

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń jẹ owó ńlá ni mo gbé wá lónìí: pépà tí a fi ń yan cupcake àti muffin. Níbí ní Ìtẹ̀lé, títí dé Láfẹ́nwá, Ayọ̀bọ̀ àti Ṣàngó Ọ̀tà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń yan kéèkì nínú kíṣìnnì ilé wọn, tí wọ́n sì ń polówó rẹ̀ lórí status WhatsApp, kò kéré rárá. Tí wọ́n bá ń ṣírò owó, wọ́n á ka fúláwà, bọ́tà, ẹyin, ṣúgà àti gáàsì. Pépà ló máa ń kẹ́yìn. Èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù lọ́jà ni wọ́n á mú.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìyẹn lè já sí. Ká ní ẹnì kan gba ọ́dà cupcake 60 fún ọjọ́ ìbí ọmọ kan nílé ìwé. Kéèkì náà rọ̀, ó dùn, áísìnì rẹ̀ ń dán. Ọ̀kadà gbé e láti Ìtẹ̀lé lọ sí Ṣàngó. Nígbà tí wọ́n ṣí ike níbẹ̀, pépà ti bọ́ kúrò lára 20 nínú wọn, ó là bí agbòjò. Oníbàárà kò ní bèèrè irú fúláwà tí ẹ lò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú rẹ̀ rí pépà kí ahọ́n rẹ̀ tó tọ́ kéèkì wò, owó 20 yẹn ló sì máa ní kẹ́ ẹ yọ kúrò.

Kí wá ni iṣẹ́ pépà yìí gan-an?

Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán o. Ẹ rántí móínmóín eléwé. Ewé eéran tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe é kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tí a lọ̀ ṣàn dànù, òun ló ń fún móínmóín ní ìrísí rẹ̀, tó bá sì ti tutù díẹ̀, wẹ́rẹ́ ló máa ń ṣí. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ni pépà ń ṣe fún cupcake. Láyé àtijọ́, inú ife gan-an ni wọ́n ti ń yan irú kéèkì yìí. Amelia Simmons, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé oúnjẹ kan ní 1796, mẹ́nu ba kéèkì fúyẹ́ tí wọ́n ń yan nínú ife kékeré. Ṣùgbọ́n ife kò ṣeé fún oníbàárà gbé lọ. Pépà ṣeé fún un.

Oríṣi tó wà lọ́jà

Àkọ́kọ́ ni pépà lásán, aláwọ̀ mèremère tàbí olódòdó. Òun ló wọ́pọ̀ jù, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń fa òróró mu. Tó bá jáde nínú oven, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣú, òdòdó ara rẹ̀ á ti pòórá, á sì máa yí òróró mọ́ni lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí rà, ẹ fi méjì bọ inú ara wọn. Tinú á gba òróró, tòde á sì mọ́.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n máa ń kọ “greaseproof” sára páálí rẹ̀. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n máa ń lu fọ́nrán igi tí a fi ń ṣe pépà títí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ra pinpin, débi tí ihò tí òróró lè gbà kọjá kò fi ní sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi máa ń dúró, kódà tó bá jẹ́ kéèkì ṣokoléètì tó dúdú ló wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ń tà, òun ni mo máa kọ́kọ́ sọ pé kó rà.

Ìkẹta ni fọ́ìlì. Ó lè dúró fúnra rẹ̀ láìsí páànù oníhò, ẹ kàn máa tò ó sórí tírè pẹlẹbẹ ni. Ó wúlò fún ẹni tí kò tíì ní páànù tó pọ̀, àti ẹni tó ń yan nínú ìkòkò oníyanrìn. Irin ni ṣá o, ẹ má gbé e sínú microwave.

Ìkẹrin ni ife páálí tó nípọn. Òun náà máa ń dúró fúnra rẹ̀, kì í sì í tètè wó lójú ọ̀nà. Ó dára fún muffin àti fún ọ́dà tó máa rìn jìnnà. Ẹ tún máa rí èyí tó ga, tí etí rẹ̀ yọ sókè bí òdòdó, tí wọ́n ń pè ní tulip. Muffin ńlá ló yẹ ẹ́ jù.

Ìkarùn-ún ni rọ́bà sílíkónì, èyí tí a lè fọ̀ kí a tún lò. Ó dára fún jíjẹ ilé àti fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kì í ṣe fún títà, àfi tí oníbàárà bá máa dá a padà.

Ẹ wọn ìdí, ẹ má wọn ẹnu

Ẹ fi rúlà wọn ìdí ihò páànù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Páànù oníhò 12 tó wọ́pọ̀, ìdí ihò rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5. Pépà tó bá tóbi jù á ká sínú, kéèkì á sì yọ igun. Èyí tó bá kéré jù, àpòpọ̀ á dà sẹ́yìn rẹ̀, á sì jóná mọ́ páànù. Tẹ́ ẹ bá ń bu àpòpọ̀ sí i, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bù, ṣíbí kan náà ni kẹ́ ẹ sì fi bu gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè dọ́gba. Tí iná bá wà ní 180°C, ìṣẹ́jú 18 sí 22 máa ń tó fún cupcake.

Kí ló ń bọ́ pépà kúrò lára kéèkì?

Ooru omi ni. Omi wà nínú ẹyin àti mílíìkì tẹ́ ẹ pò mọ́ fúláwà. Tí kéèkì bá jáde nínú oven, omi yẹn ṣì ń jáde lára rẹ̀ bí ooru. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú páànù gbígbóná, tàbí tẹ́ ẹ dé e mọ́ inú ike nítorí pé ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè níta, ooru yẹn á di omi láàárín kéèkì àti pépà. Pépà á rọ̀, á sì bọ́. Ní àgbègbè tiwa yìí, pàápàá nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà máa ń dá kún un.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó jinná dé inú. Ẹ fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀, kó má gbé àpòpọ̀ tútù jáde. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 5 tó jáde, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú páànù. Ẹ tò wọ́n sórí wáyà tí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ fún wọn ní bíi wákàtí kan. Àfi tí ìdí wọn bá ti tutù pátápátá lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ tó fi áísìnì sí i tàbí kẹ́ ẹ dé e. Pépà tẹ́ ẹ kò tíì lò náà, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Inú ike tó dé dáadáa ni kó wà.

Ti pé pépà lẹ̀ tímọ́tímọ́ tó sì ń fa ara kéèkì ya, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n bó o nígbà tó ṣì gbóná, tàbí pé bọ́tà inú rẹ̀ kéré jù. Àwọn muffin tí kò ní òróró púpọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa inú pépà, tàbí kẹ́ ẹ lo greaseproof.

Ohun tí kò yẹ ká lò

Àwọn kan máa ń gé ìwé ìròyìn tàbí ìwé tí wọ́n ti tẹ nǹkan sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn àgbà ní ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọṣẹ ló ń di ewé: ohun tó bá wà lára pépà ló ń wọ inú oúnjẹ, pàápàá tí òróró àti iná bá ti dé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Íńdíà kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi ìwé ìròyìn pọ́n oúnjẹ mọ́, nítorí kẹ́míkà inú yíǹkì rẹ̀. Pépà tí wọ́n fi àbẹ́là pa lára náà kò yẹ fún inú oven, ó máa ń yọ́.

Ẹ tún lè rí “PFAS-free” lára páálí. PFAS jẹ́ àwọn kẹ́míkà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi sára pépà kí òróró má bàa wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejì 2024, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde pé irú pépà oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò sí fún títà lọ́dọ̀ wọn mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí páálí méjì tí owó wọn dọ́gba, èyí tó kọ ọ́ sára ni kẹ́ ẹ mú.

Ìdánwò mẹ́ta

Kẹ́ ẹ tó ra odindi páálí, ẹ bẹ ìyá ọlọ́jà kó ta díẹ̀ fún yín. Ẹ bu òróró ṣíbí kékeré kan sínú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ gbé e lé orí ìwé funfun fún ààbọ̀ wákàtí. Tí ìwé funfun bá ti ní àbàwọ́n, ẹ ti mọ ohun tí oníbàárà máa rí. Ẹ yan kéèkì nínú mẹ́ta, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù dáadáa. Ẹ bó ọ̀kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó fa ara kéèkì ya. Ẹ gbé ìkejì sínú ike tẹ́ ẹ fi ń gbé ọ́dà, kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé ìkẹta gun ọ̀kadà lọ sí òpópónà kẹ́ ẹ sì gbé e padà wálé.

Ká ní pépà tó dára fi náírà 10 wọ́n ju ti lásán lọ lórí ẹyọ kan. Fún cupcake 60, náírà 600 nìyẹn. Ẹ wá fi í wé owó cupcake 20 tí oníbàárà yọ, àti ọ́dà tí kò ní fún yín mọ́ láé.

Ibi tí mo máa dúró sí lónìí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi voice note ránṣẹ́, ẹ sì sọ irú oven àti irú pépà tẹ́ ẹ ń lò. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní di àdánù o. Ó dàbọ̀.