Bí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onídìrí ṣe di ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò dárúkọ onídìrí kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí ₦185 ti fò kọjá ₦480. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ₦998 ni ilé epo NNPC ń tà á l'Ékòó. Kó tó dìgbà yẹn, ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí iná wọn pọ̀ jù, láti ₦68 lọ sí ₦225 fún ẹyọ iná kan. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrí ní Mowe tàbí Ibafo, lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, tó ní dráyà méjì nínú ilé àti jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìnkùlé, kò ní láti lọ bá oníṣirò kó tó mọ̀ pé ọwọ́ ti ba ojú. Àwọn kan fowó lé irun. Àwọn kan ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ sinmi nílé ná. Àwọn kan sì wo yàrá kékeré tí wọ́n ń kó páálí àti ògbólógbòó wíìgì sí, wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, wọ́n kun ògiri, wọ́n fi kọ́tìnnì sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá ẹni tí á máa sanwó rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe èékánná ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, tàbí ẹni tó ń lẹ ìpéǹpéjú. Onímékọ́ọ̀pù á tẹ̀ lé wọn, onímásáàjì náà á yọjú, títí kan àwọn tó ń tọ́jú awọ ojú, tí wọ́n nílò bẹ́ẹ̀dì àti ibi tí èrò kò ti ní máa wò wọ́n.

Epo nìkan kọ́ ló bí òwò yíyá yàrá yìí o. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa, onídìrí kì í san rẹ́ńtì. Ìlàrí, òòyà, òwú dúdú àti òróró ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dirí á jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ igi, wọ́n á sì máa tàkúrọ̀sọ títí ṣùkú tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ á fi parí. Láti 1968 ni ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì ya bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó bá wo àwọn àwòrán wọ̀nyẹn á rí iṣẹ́ ọwọ́ tó ga, iṣẹ́ tí kò nílò wáyà iná kankan.

Ẹ̀rọ ló so iṣẹ́ náà mọ́ ilé. Ìgbà tí rílásà dé, tí Jheri curl gba ìgboro ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, onídìrí nílò omi ẹ̀rọ, báàfù ìfọrí, dígí ńlá àti dráyà. Ohun tó bá nílò iná kò ṣeé ṣe lábẹ́ igi. Báyìí ni ṣọ́ọ̀bù dé, tí onílé àti ájẹ́ńtì sì wọ inú ọ̀rọ̀ irun. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ẹwà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀ka. Ní 1998, Tara Fẹlá-Durotoye bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ mékọ́ọ̀pù House of Tara nígbà tó ṣì ń kọ́ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), ó sì fi han àwọn ọ̀dọ́bìnrin pé èèyàn lè fi ojú ìyàwó nìkan jẹun láìfọwọ́ kan irun rárá. Èékánná náà di iṣẹ́, ìpéǹpéjú di iṣẹ́, irun ojú yíyà di iṣẹ́. Ẹni kan kò lè mọ gbogbo rẹ̀ dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà fẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni mo rò pé ó ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ pé apá Mowe àti Ibafo ni òwò yìí bá lára mu tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ilé ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjọ Rídíìmù ra ilẹ̀ sítòsí Mowe ní 1983, èrò sì ń wọ́ wá síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù fún ìsìn Holy Ghost. Ìjọ Mountain of Fire (MFM) náà ní Prayer City tirẹ̀ ní Ibafo, Yunifásítì Mountain Top sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2015. Àmọ́ àwọn tí owó ilé Èkó lé wá ni wọ́n pọ̀ jù. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń dúró de mọ́tò. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Berger á gbà wọ́n lọ, á tún gbà wọ́n bọ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò ní ìṣẹ́jú kan fún orí rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ní, òun náà ni ọjọ́ òde, ọjọ́ ìfọṣọ, ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Kò lè lọ sọ́dọ̀ onídìrí ní Mowe, kó tún lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́èékánná ní Asese. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti lè di orí rẹ̀ lókè kí wọ́n máa fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló máa padà sí.

Ẹni tó ń yá yàrá náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó ti kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n ti ṣe fríídọ̀mù fún un, ọ̀gá ti gbàdúrà, ẹbí ti jẹ ìrẹsì. Ọjọ́ kejì ló tó mọ̀ pé òmìnira kò ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú. Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù ń lọ ní ₦600,000 lọ́dún, tí onílé sì ní ọdún méjì lòun máa gbà: ₦1,200,000 nìyẹn, kí ájẹ́ńtì tó dé pẹ̀lú kọmíṣàn, kí lọ́yà tó dé pẹ̀lú owó àdéhùn. Tẹ́lẹ̀, ojúlé dé ojúlé ni irú wọn máa ń lọ, wọ́n á gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Nígbà tí owó ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé owó epo lọ sókè, èrè inú iṣẹ́ ojúlé ń tán sójú ọ̀nà. Yàrá olóṣooṣù bọ́ sí àárín gan-an.

Ìlú Ìfọ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí Mowe àti Ibafo. Ìlú ojú irin ni. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá. Níbi tí ọjà àti títì bá ti wà pa pọ̀ báyẹn, àga tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù máa ń wúlò ju yàrá lọ. Ẹlẹ́èékánná fẹ́ kí èrò ọjà rí òun.

Àwọn tó bá rò pé Amẹ́ríkà la ti kó òwò yìí wá kò jìnnà sí òótọ́, wọn kò sì débẹ̀. Ní Denver, wọ́n dá iléeṣẹ́ Sola Salon Studios sílẹ̀ ní 2004, yàrá nìkan ló sì ń háyà fún àwọn oníṣẹ́ ẹwà. Ní Peckham, ní London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Rye Lane ni wọ́n pín sí wẹ́wẹ́, tí onídìrí ń san owó àga kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Suzanne Hall, olùkọ́ ní yunifásítì LSE ní London, ti ṣèwádìí òpópónà náà. Ibì kọ̀ọ̀kan rí tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ìnira rẹ́ńtì kan náà ló ń bí irú ọmọ kan náà.

Lórí owó sísan ni àríyànjiyàn wà. Àwọn kan ń san iye kan pàtó lóṣù, àwọn kan ń pín ohun tó bá wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ₦25,000 lóṣù wé ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kejìlá, bí ogún oníbàárà bá san ₦8,000 kọ̀ọ̀kan, ₦160,000 wọlé. Alábàápín á kó ₦64,000 fún oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń san iye kan pàtó á kó ₦25,000. Ní oṣù Kìíní, tí àpò gbogbo ayé gbẹ, bí ẹni mẹ́ta péré bá yọjú, ₦24,000 ni gbogbo owó. Alábàápín á san ₦9,600. Èkejì á fi ₦1,000 kún owó tó pa kó tó san rẹ́ńtì. Èmi fara mọ́ kí wọ́n máa pín in fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí wọ́n tó mú iye kan.

Iná náà ń fa ọ̀rọ̀. Láǹpù tí wọ́n fi ń gbẹ èékánná kì í sábà ju wáàtì 48 lọ, dráyà onídìrí sì lè jẹ ẹgbẹ̀rún kan. Kí wọ́n pín owó epo sí méjì ọgbọọgba, ìrẹ́jẹ ni.

Onílé ńkọ́? Ìwé àdéhùn ilé sábà máa ń sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ yá ilé fún ẹlòmíì láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí pátákó ẹlẹ́èékánná fi máa ń kéré, tí oníṣọ́ọ̀bù á sì sọ bí wọ́n bá bi í pé, “Àbúrò mi ni, Bàbá, ó wá ràn mí lọ́wọ́.” Irọ́ kékeré yẹn léwu fún ẹni tó ń yá yàrá jù, nítorí lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, àbúrò kò ní rìsíìtì.

Ìpara ló ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, olórí NAFDAC, sọ pé ara bíbó ti di ọ̀ràn pàjáwìrì nílẹ̀ wa. Bí ẹni tó wà nínú yàrá bá po ìpara tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tó sì jó oníbàárà lójú, orúkọ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á kà ní tẹ́ṣàn. Oníṣọ́ọ̀bù tó gbọ́n á béèrè ohun tó wà nínú ike kó tó béèrè owó.

Ó wá ku oníbàárà fúnra rẹ̀. Obìnrin tó wá dirí, tó gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ ṣe èékánná, ta ló ni ín? Oníṣọ́ọ̀bù ní òun lòun pè é wá. Ẹlẹ́èékánná ní iṣẹ́ òun ló mú un padà wá, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí WhatsApp òun. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ti ń ní kí gbogbo ìpè gba orí fóònù ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yá yàrá kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ìdí, torí ọjọ́ tí wọ́n bá rí owó ọdún méjì san fún onílé tiwọn, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni wọ́n máa kó lọ.