Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ àti Oníṣòwò: Ẹ̀kọ́ Ọkọ̀ Odò Woolwich

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń gbé ní Woolwich àti Thamesmead ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn oníṣòwò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀tá òwò. Pé bí a bá fi iṣẹ́ ìlú lé aládàáni lọ́wọ́, ìyanṣẹ́lódì yóò tán. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ tí ń gbé èrò àti ẹrù sọdá odò Thames ní Woolwich yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Láti ọdún 1889 ni ọkọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Greenwich ló ń bójú tó o títí di 2008, nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Serco, ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ní 2013, Briggs Marine gbà á. Ǹjẹ́ ìyanṣẹ́lódì tán? Rárá o. Ní 2019, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Unite daṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó-iṣẹ́ àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, Transport for London, tí í ṣe ti ìjọba, gba ọkọ̀ náà padà. Kí ọdún náà tó parí, Unite tún ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá yí padà, ẹjọ́ kò yí padà.

Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá a. Ta ni koríko níhìn-ín? Kì í ṣe ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn: ọ̀nà abẹ́ odò tí wọ́n ṣí ní 1912 wà fún un, ọkọ̀ ojú irin DLR sì ti dé Woolwich Arsenal láti 2009. Ẹlẹ́rù ni. Lọ́rì gíga kò lè gba ihò Blackwall lọ sí àríwá. Bí ọkọ̀ odò bá dúró, ọ̀pọ̀ wọn a yí gba ọ̀nà mìíràn, wọn a sanwó, epo a jó, ẹrù a pẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù kékeré tí ń retí ẹrù kò sí níbi ìpàdé ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ń sanwó ìjà. Láti oṣù kẹrin 2025 tí wọ́n ti ń gba owó ní Blackwall àti Silvertown, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ yìí tún níye lórí sí i.

Nítorí náà, kí oníṣòwò má ṣe béèrè pé ta ló ni ọkọ̀ nìkan. Kí ó béèrè ohun tó wà nínú àdéhùn: òṣìṣẹ́ mélòó, owó-oṣù èló, ta ni yóò parí ìjà, láàárín ọjọ́ mélòó? Agbaṣẹ́ṣe tó dín owó òṣìṣẹ́ kù kí iye tirẹ̀ lè kéré jù, oníṣòwò ni yóò san ìyókù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìjà tó dé.

Ẹ̀yin tí ń kọ́ òfin àti ètò ọrọ̀-ajé, tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ yóò kọjá lọ́wọ́ yín nílé lọ́la, ẹ má gbàgbé ẹni tí kò sí níbi ìpàdé.