Brütal Legend: Géèmù tó ń fi gìtá àti àáké jagun, àti ìdí tí àwọn tó rà á fi pín sí méjì

Ọ̀rọ̀ géèmù la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa mọ̀ dunjú. Géèmù kan ni tó jẹ́ pé irin, iná, gìtá àti àáké ló kún inú rẹ̀. Brütal Legend lorúkọ rẹ̀.

Ọdún 2009 ló jáde. Àmọ́ títí dòní, tẹ́ ẹ bá kó àwọn tó ti gbá a jọ síbì kan, àríyànjiyàn ló máa dà. Àwọn kan á ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn mìíràn á ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kan òbí, ó kan ẹni tó ń fowó ra géèmù, ó sì kan àwọn ọmọ wa tó fẹ́ máa ṣe géèmù tiwọn.

Kí ló ń jẹ́ orin heavy metal?

Orin òyìnbó ni, èyí tí gìtá rẹ̀ máa ń bú ramúramù bíi kìnnìún, tí ìlù rẹ̀ ń dún kíkankíkan, tí akọrin sì ń pariwo bí ẹni tó wà lójú ogun. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni irin tó wúwo.

Ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé iṣẹ́ irin pọ̀ sí, ni ẹgbẹ́ Black Sabbath ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968. Tony Iommi tó ń ta gìtá fún wọn ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti gé orí ìka rẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn rò pé gìtá títa ti parí fún un nìyẹn. Ọmọkùnrin náà yọ́ ike, ó fi ṣe bíi fìlà kékeré dé orí àwọn ìka náà. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn gìtá rẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wá rinlẹ̀ dòò. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yìí ni heavy metal ti ṣẹ̀. Irin tó gé Iommi lọ́wọ́ náà ló la ọ̀nà fún un. Ẹni tó bá mọ Ògún ò ní bi wá pé báwo nìyẹn ṣe jẹ́.

Kí ló wà nínú géèmù náà?

Tim Schafer àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Double Fine, ní ìlú San Francisco lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí ni Eddie Riggs. Eddie kì í ṣe olórin. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbé ẹ̀rọ, kó to stéèjì, kó tún gìtá tó bá bàjẹ́ ṣe. Ẹ mọ irú wọn: àwọn tó máa ń dé ibi ìnáwó láti àárọ̀, tí wọ́n ń fa wáyà, tí wọ́n ń to sípíkà, kí olórin fújì tó dé lálẹ́. Owó kì í kàn wọ́n níwájú orí, a kì í sì í dárúkọ wọn nínú orin.

Lọ́jọ́ kan, nǹkan wó lu Eddie lórí stéèjì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sórí ìdè bẹ́líìtì rẹ̀, ìdè náà sì gbé e lọ sí ayé mìíràn tí àwọn ẹ̀mí èṣù ti sọ ọmọ èèyàn di ẹrú. Níbẹ̀ ló ti rí àáké ńlá kan, ó fi gìtá rẹ̀ pe mànàmáná, ó to mọ́tò tiẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bá àwọn èèyàn náà jà fún òmìnira. Ẹni tí kò sẹ́ni tó ń kí ló wá di ẹni tó ń to ogun.

Jack Black, òṣèré fíìmù, ló fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún Eddie. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ olórin metal náà wà níbẹ̀: Ozzy Osbourne tó kọrin fún Black Sabbath, tó kú ní oṣù Keje ọdún 2025, Lemmy ti ẹgbẹ́ Motörhead, tó kú lọ́dún 2015, Rob Halford ti Judas Priest, àti Lita Ford. Orin tó wà nínú géèmù náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Òkè, igbó àti ẹranko ibẹ̀ dà bí àwòrán tí wọ́n máa ń yà sára páálí àwo orin metal.

Kí làwọn tó rà á sọ?

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, kí géèmù náà tó jáde lóṣù Kẹwàá, wọ́n gbé díẹ̀ síta káwọn èèyàn tọ́ ọ wò. Nínú ìtọ́wò yẹn, kìkì ìjà àáké àti mọ́tò wíwà ni wọ́n rí. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn ti mọ ohun tí àwọn fẹ́ rà.

Wọ́n ra odindi rẹ̀ délé. Wọ́n gbá a díẹ̀, wọ́n bá wọ inú ohun tí wọ́n ń pè ní ogun stéèjì. Níbẹ̀, kì í tún ṣe Eddie nìkan ló ń jà mọ́. Á hu ìyẹ́, á fò sókè, á máa wo pápá ogun látòkè bíi balógun. Àwọn olólùfẹ́ orin á máa jáde látinú ilẹ̀, ìwọ á kọ́ ìsọ̀ lé wọn lórí, wọ́n á di agbára tí o fi ń ra ọmọ ogun. O ń rán àwọn kan síwá, o ń rán àwọn kan sẹ́yìn, o ń ṣọ́ stéèjì tìrẹ kí ọ̀tá má wó o. Eddie ṣì lè sọ̀ kalẹ̀ wá jà, àmọ́ ẹni tí kò bá ronú bí ọ̀gágun máa pàdánù.

Ó dà bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kó o gbé ìbọn, ẹ ń lọ ṣọdẹ. Ẹ dé àárín igbó, ó gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, ó ní jókòó, ó yá. Ayò dùn lóòótọ́. Ìbọn lo gbé wá.

Àwọn oníròyìn géèmù fún un ní máàkì tó dáa. Tí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní 80 nínú 100. Wọ́n yin orin, wọ́n yin ẹ̀fẹ̀, wọ́n yin ohùn Jack Black. Àwọn tó fowó ara wọn rà á náà yìn ín, àmọ́ ẹjọ́ wọn pọ̀. Wọ́n ní ogun stéèjì ṣòroó darí pẹ̀lú páàdì ọwọ́. Wọ́n ní ìtàn náà parí lójijì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ Schafer fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé ogun stéèjì tí èèyàn méjì ń bá ara wọn jà yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ géèmù náà.

Ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Síbẹ̀, Electronic Arts tó gbé e jáde dá apá kejì rẹ̀ dúró. Nígbà tó di 2013, ó jáde fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá a lẹ́yìn ìgbà yẹn ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó rà á, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ ju àwọn tó kọ́kọ́ rà á lọ. Géèmù náà kò yí padà. Ohun tí wọ́n retí ló yí padà.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́?

Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀mí èṣù àti agbárí lára páálí rẹ̀, ẹ má kàn pariwo, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 17 sókè ni wọ́n ní kó gbá a, torí ẹ̀jẹ̀ àti èébú wà nínú rẹ̀. Ó láyè tí èèyàn lè fi dín ẹ̀jẹ̀ náà kù, kó sì bo èébú mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ti ọmọdé.

Kí ló kàn wá n'Ìgbòho?

Ó kàn wá púpọ̀. Ìlú yìí ni àwọn Aláàfin gbé nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro. Samuel Johnson kọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 pé láyé Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé obìnrin ni, Gbọ̀nkàá mẹ́ta ló bá ogun Illayi lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òkú ẹni kẹta kò ṣubú lulẹ̀, eyín rẹ̀ sì hàn síta. Àwọn ọ̀tá rò pé ó ń fi àwọn rẹ́rìn-ín ni, ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ sọ fún wa, kí ló kù tí ìtàn yẹn fi máa di géèmù?

Àwọn tó ń ṣe é ti wà nítòsí. Maliyo Games ti wà l'Ékòó láti 2012. Àwọn ló ṣe Iwájú: Rising Chef pẹ̀lú Disney lọ́dún 2024, géèmù oúnjẹ sísè lórí fóònù. Kiro'o Games ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Cameroon, gbé Aurion jáde lọ́dún 2016, géèmù ìjà tí wọ́n gbé ka àṣà Áfíríkà.

Torí náà, ìwọ ọmọ Òkè-Ògùn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà, tó o bá ṣe géèmù Gbọ̀nkàá lọ́la, sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún oníbàárà kó tó yọ owó. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àmọ́ ẹni tó bá fowó ra èké lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tó padà wá sí ìsọ̀ rẹ.