Ẹ̀jẹ̀ Gbígbẹ: Orúnlá Kì í Padà Di Ilá Tútù

Ìròyìn ẹ̀jẹ̀ oníyẹ̀fun tún ti ń kiri orí fóònù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ogun wọn láyè láti máa lo octaplasLG Powder ní pàjáwìrì, làwọn èèyàn ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti di mílíìkì alágolo. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Kò sí sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ìyẹ̀fun yẹn. Pílásímà ni: omi inú ẹ̀jẹ̀, tó ní àwọn èròjà tó ń mú kí ojú egbò dí. Wọ́n sì ti ń gbẹ pílásímà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Kì í ṣe oòrùn tàbí iná ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́. Ẹ rántí kánfọ̀ táwọn ìyá wa ń fi sáàárín aṣọ inú àpótí. Bó bá pẹ́, kánfọ̀ á tán, aṣọ kò sì ní tutù: ó ti ara líle di afẹ́fẹ́, kò yọ́ rárá. Yìnyín náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú pílásímà dì gbagidi, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde, yìnyín á sì máa fò lọ títí yóò fi ku ìyẹ̀fun. Da omi sí i, ó tún di pílásímà.

Sẹ́ẹ̀lì pupa kò gba irú rẹ̀. Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, hìmóglóbìn tó ń gbé ọ́síjìn ló kún inú rẹ̀. Bí omi rẹ̀ bá dì, yìnyín á gún un. Bí omi bá lọ, awọ rẹ̀ á run. Bí omi bá padà dé, á fàya. Hìmóglóbìn tó tú síta lè ba kídìnrín jẹ́; èyí tó kù nínú lè dípẹtà bí irin, kó má lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹni tó ti se orúnlá rí mọ̀ ọ́n: ó ń fà dáadáa, ṣùgbọ́n kì í padà di ilá tútù. Kí pílásímà ṣáà ti fà, ó tó. Ti sẹ́ẹ̀lì pupa, àfi kó padà di tútù.

Ohun abẹ̀mí kan sì ń ṣe é lójoojúmọ́ nílé búrẹ́dì: yíìsì. Gbígbẹ ni wọ́n ń tà á. Bí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá kàn án, á jí, á máa hó. Ṣúgà kan tó ń jẹ́ trehalose wà nínú rẹ̀, òun ló ń dípò omi lára awọ sẹ́ẹ̀lì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ sẹ́ẹ̀lì pupa kì í fẹ́ kí ṣúgà yìí wọlé, bẹ́ẹ̀ inú àti ìta ló ti wúlò. Yàtọ̀ sí yíìsì, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti dàgbà kò sì lè tún ara rẹ̀ kọ́ bó bá bàjẹ́.

Mímú un dì nìkan ti ṣeé ṣe. Láti ọdún 1950 ni Audrey Smith ti fi hàn ní Ìlú Ọba pé èròjà kan tó ń jẹ́ glycerol ń dáàbò bò ó nínú yìnyín. Ó lè lo ọdún 10 bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fọ glycerol náà kúrò kó tó wọ ara aláìsàn.

Kí ló kan Ẹdúnàbọ̀n, ìlú kan nítòsí Ilé-Ifẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ yìí? Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá le níbẹ̀, ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ lojú ń wò. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú fìríìjì kì í sì lò ju ọjọ́ 35 sí 42 lọ, kí iná má sì ṣẹ́jú mọ́ ọn. Abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lè rí ìrànwọ́ nínú pílásímà gbígbẹ kí ọkọ̀ tó dé. Ọmọ tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ kò lè rí i lò: sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Allan Doctor àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Maryland ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọ́n ń kó hìmóglóbìn sínú àpò ọ̀rá tíntìntín, wọ́n ń gbẹ ẹ́, wọ́n pè é ní ErythroMer. Lójú tèmi, ọ̀nà yẹn lè yá ju kí wọ́n máa bá sẹ́ẹ̀lì jìjàkadì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ táwọn èèyàn fi tọrẹ, tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ni wọ́n ti ń yọ hìmóglóbìn náà; pílásímà oníyẹ̀fun náà ara èèyàn ló ti wá. Bí kò bá sí ẹni tó na apá, kí ni wọ́n fẹ́ gbẹ?