Ohun Tí Ilẹ̀ Kétu Ń Jẹ

Láti Pọbẹ̀ dé Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ pupa ló pọ̀ jù. Ó jìn, ó rọrùn láti kọ ebè sí, ṣùgbọ́n òjò tètè ń fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Bí oko bá ti ṣá láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí igbó lè tún un ṣe. Èrò ti wá pọ̀, oko kì í ráyè sinmi mọ́. Síbẹ̀, pòròpórò àgbàdo tó yẹ kí ilẹ̀ jẹ ni ọ̀pọ̀ ń dáná sun. Àdánù ńlá ni.

Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Tòmátò tí ẹnikẹ́ni kò gbìn a máa so wọ̀ǹtìwọnti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, torí pé èèpo iṣu, eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ti jẹrà síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ajílẹ̀ nílé ń ṣe ààtàn létòlétò ni. Abẹ́ ìbòòji ni yóò kó o jọ sí, kó ga tó mítà kan, kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yóò tẹ́ pòròpórò àti ewé gbígbẹ, yóò da ewé tútù àti ìgbẹ́ adìẹ lé e, yóò wọ́n omi sí i, yóò tún tẹ́ òmíràn. Gbígbẹ ni kó pọ̀ ju tútù lọ. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, òkìtì náà yóò sì gbóná dé ìwọ̀n 55 sí 65 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, ooru tó ń pa èso èpò. Kó máa yí i padà lọ́sẹ̀ méjì méjì kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, kó fi ewé gbígbẹ sí i. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, yóò dúdú, yóò sì máa rún bí ọwọ́ bá kàn án.

Bíbo ilẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń gbin iṣu: wọ́n ń fi koríko gbígbẹ dé ebè kí oòrùn má bàa se èbù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n ṣe fún ata àti tòmátò, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kó má kan ìdí igi wọn. Kí wọ́n máa ṣọ́ ikán.

Yèrèpè tilẹ̀ wúlò fún bíbo ilẹ̀. Ní agbègbè Adja, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Bẹ̀nẹ̀, àgbẹ̀ 15 dán irú èyí tí kì í yúnni wò ní 1987. Ó bo koríko ẹ̀kan mọ́lẹ̀ títí ó fi kú, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun náà a gbẹ, a sì di ìbolẹ̀. Nígbà tó fi di 1996, nǹkan bí 10,000 àgbẹ̀ ló ń gbìn ín káàkiri Bẹ̀nẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kàn se èso rẹ̀ jẹ bí ẹ̀wà o, ó lóró.

Àwọn tó bá fẹ́ fojú rí iṣẹ́ yìí lè lọ sí ibùdó Songhaï ní Àjàṣẹ́, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran tibẹ̀ ló ń di gáàsì àti ajílẹ̀.

Oṣù Kejìlá dára láti bẹ̀rẹ̀ òkìtì ajílẹ̀. Omi tí wọ́n fi ṣan iṣu àti ẹ̀fọ́ tó láti máa wọ́n sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sì ti jinná kí òjò oṣù Kẹta tó dé.